Ọ̀nà Omi Ni Ganiyat Gbé Ìyá Rẹ̀ Gbà Lọ Mẹ́kà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní bí òun bá fẹnu ara òun sọ ọ́, ẹkún ò ní jẹ́ kó parí. Opó ni, opó lèmi náà, ìsọ̀ wa kò jìnnà síra wọn ní Àgbádárìgì. Bó ṣe rí ni mo máa sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó kọ́kọ́ kà á tán.

Ganiyat lorúkọ rẹ̀. Aṣọ ló ń tà, áńkárá àti àbáyà àwọn obìnrin Mùsùlùmí. Kútọnu ló ti ń kó o. Kò sí ọ̀nà tó wọ Kútọnu tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀, ti títì, ti inú igbó, ti ojú omi. Bí wọ́n bá dí èyí, á gba tọ̀hún. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà lọ́mú, látìgbà yẹn kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé "jókòó" tó jókòó.

Màmá rẹ̀ ńkọ́? Tọ̀yìbátù, ọmọ Ajídò, Ègùn pọ́ńbélé, kó tó fẹ́ Mùsùlùmí tó wá di ará ìlú. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́. Dókítà ní tòsì náà ń bọ̀ lẹ́yìn, oògùn tí wọ́n ń kán sí i kò lè dá a padà, ó kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tètè lọ ni.

Ìyá náà kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fojú mi rí Káábà," ló wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá fẹ́ fọ́, kó fọ́."

Mùíz, àbúrò Ganiyat, tó ń ṣiṣẹ́ oṣù lápá Òjó, ló ṣètò rẹ̀. Àáfà Khaleel, tó máa ń kó àwọn èèyàn mọ́ṣáláṣí wọn lọ Úmúrà lọ́dọọdún, ti ń kó èèyàn jọ. Pákéèjì ni wọ́n ń pè é. O bá ti san owó lẹ́ẹ̀kan, wọn á bá ọ gba físà, wọn á bá ọ gba tíkẹ́ẹ̀tì, ibi tó o máa sùn, oúnjẹ tó o máa jẹ, bọ́ọ̀sì tó máa gbé ọ láti Mẹ̀dínà dé Mẹ́kà. Bó o bá jẹ́ arúgbó, wọn á yan ẹni tó máa dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Èkó ni wọ́n ti máa wọ baálù.

Mùíz ní òun gbé ti Màmá, kí Ganiyat gbé ti ara rẹ̀, kó bá Màmá lọ. Ọ̀rọ̀ tó dùn nìyẹn. Ìpàdé àkọ́kọ́ ló bà á jẹ́.

Nínú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti ṣe é. Àáfà Khaleel dìde, ó ní, "Gbogbo pásípọ́ọ̀tù, ọwọ́ mi ló máa wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá rìn. Tí mo bá ní ká dìde, a dìde. Tí mo bá ní ká jẹun, a jẹun. Ìbéèrè wà?"

Ganiyat gbé ọwọ́ sókè. "Àáfà, ọjọ́ wo la máa fi nájà?"

"Ọjọ́ tó kẹ́yìn. Tá a bá kírun àílà tán, títí wọn á fi pe alásárì."

"Ọ̀sán kan péré?"

Ìyá Hikmat, ọ̀rẹ́ Màmá láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọn omi, yíjú padà. "Ganiyat, ṣé o fẹ́ lọ bá Ọlọ́run ná iye owó ilé rẹ̀ ni?"

Gbogbo mọ́ṣáláṣí rẹ́rìn-ín. Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ tó kù méjì yọ síta.

Ganiyat ní, "Bí Ọlọ́run bá gbé ọjà síwájú ilé rẹ̀, ṣé èmi ni mo ní kó gbé e síbẹ̀?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Ẹni tó ti ń ra ọjà ní ìlú àjèjì láti ọjọ́ yìí, pé kí àáfà kan gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ òun bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé! Ó gbé e sínú.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló lọ kó ọjà ní Kútọnu, ó sì sọ ọ́ fún Sagbo. Ọmọ àbúrò Màmá ni Sagbo, Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló ń gbé, ó ní mọ́tò tó fi ń kó ẹrù àwọn oníṣòwò. Ó mọ nǹkan fóònù.

"Ganí," ni Sagbo wí, "ìwọ ni wọ́n fẹ́ máa dà kiri bí àgùntàn?"

"Kí ni kí n ṣe? Pákéèjì ni."

"Dá ìrìn rẹ ṣe. Wò ó, baálù kan ń gbéra ní Kútọnu níbí, Dùbáì ló máa kọ́kọ́ sọ̀ sí. O lè dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ méjì kó o tó kọjá sí Mẹ̀dínà. Ibi tí wọ́n ti ń rán àbáyà gan-an nìyẹn. Èyí tó ò ń rà lọ́wọ́ àwọn ará Kútọnu yìí, wọ́n ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó dé ọwọ́ wọn."

"Màmá ńkọ́?"

"Màmá á sinmi ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ṣé arúgbó kì í fẹ́ sinmi ni?"

Sagbo tẹ fóònù, ó fi àwòrán hàn án. Àbáyà dúdú tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe ọnà sí lápá, àbáyà aláwọ̀ ewé tó ń dán bí ewé òṣíbàtà lẹ́yìn òjò. Ìtúnu ààwẹ̀ ò pẹ́ mọ́ nígbà yẹn. Ganiyat wo àwòrán, ó sì ti ń rí ẹrù náà lórí ìsọ̀, ó ń rí ìyàwó àwọn àlùfáà tó ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹlòmíì tó máa ní irú rẹ̀ láti Àgbádárìgì títí dé Kankon.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé títí òun fi padà délé, òun ò rántí ojú Màmá rárá. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Èmi ò fi kún un.

Bí ó ṣe di pé ó ń parọ́ nìyẹn, ẹ sì mọ̀ pé irọ́ kì í dá gbé.

Ó lọ bá Àáfà Khaleel. "Àáfà, dókítà ní kí Màmá dúró díẹ̀ nítorí ojú wọn. Bóyá ká máa bá àwọn tẹ̀yìn bọ̀."

Àáfà káàánú. Ó ní, "Ọlọ́run á tún ojú wọn ṣe. Mi ò ní tíì fi àyè wọn fún ẹlòmíì. Títí di ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ti Màmá ṣì ni."

Ó gba owó Màmá lọ́wọ́ Mùíz, ó sì sọ fún un pé òun ti san owó pákéèjì. Ó wá jókòó ti Màmá.

"Màmá, wọ́n ti pín wa sí ọ̀nà méjì. Àwa ó wọ baálù ní Kútọnu. Wọ́n ní Èkó á jìnnà jù fún yín."

"Àáfà ronú dáadáa," ni Màmá wí. "Ìyá Hikmat ńkọ́?"

"Èkó ni tiwọn. Ẹ má tíì sọ fún un o, kó má lọ máa jowú."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ó máa jowú. Mo mọ̀ ọ́n." Ó sì pa ẹnu mọ́, nítorí pé ọmọ òun ló ní kí òun pa á mọ́. Ẹni tó ń fi ojú kan rìn, ọwọ́ tó bá dì í mú ló ń bá lọ.

Sagbo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Físà jáde. Ganiyat tẹ́ pásípọ́ọ̀tù méjèèjì síwájú mi lórí ìsọ̀, ó ní, "Wò ó. Ta ló ní dandan ni Àáfà?" Èmi tí mo jókòó yìí, mo ní, "O káre." Kí ni mo mọ̀? Èmi náà, omi ni mo máa ń gbà.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Sagbo pè é. "Ẹnubodè Sẹmẹ ò dáa lónìí o. Ìlà ti gùn dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò."

"Kí ló fẹ́ mú mi lọ tò sórí ìlà ní Sẹmẹ?" ni Ganiyat wí. "Ẹsẹ̀ Màmá ò lè dúró. Wá pàdé wa ní èbúté Àjàṣẹ́."

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bi gbogbo wa tá a wà lójú ọ̀sà yìí. Bí títì bá dí, omi là ń gbà. Àwọn èèyàn wa wà ní Àjàṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá fa ìlà sí àárín wa. A ń lọ sìnkú, a ń lọ sọmọlórúkọ, a ń lọ rajà, kò sẹ́ni tó ń bi wá pé níbo lẹ̀ ń lọ.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni wọ́n wọ̀. Ganiyat ní láti ìgbà tí bàbá àwọn ti kú, òun ò rí Màmá kó yọ̀ báyẹn rí. Wọ́n ti mú un jókòó níwájú, ó na ọwọ́ kan sínú omi, ó ń kí àwọn apẹja tí wọ́n ń da àwọ̀n, ó ń fi Ègùn bá wọn ṣeré. Pẹ̀lú ojú òsì yẹn, ó ń ka orúkọ abúlé létí omi bí wọ́n ti ń kọjá.

"Ibí ni ìyá mi máa ń gbé mi gbà tá a bá ń gbé ẹja yíyan lọ Àjàṣẹ́," ló wí. "A ò mú ìwé kankan dání."

"Ìwé wo lẹja ń mú dání, Màmá?"

Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi yẹ̀.

Sagbo ń dúró. Ó gbé wọn lọ tààrà sí pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fún wọn ní ìwé tí wọ́n máa fi wọ baálù. Ganiyat di ọwọ́ Màmá mú, ó ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ tó ń dán bí ẹni tó ni ibẹ̀. Sagbo juwọ́ sí wọn láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ibi káńtà àwọn ọlọ́pàá tó ń wo ìwé ló kù.

Ọmọbìnrin kan ló jókòó síbẹ̀. Ó ṣí pásípọ́ọ̀tù Màmá, ó ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn dé iwájú.

"Físà wà láàárín," ni Ganiyat wí. "Ẹ ṣí i padà díẹ̀."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Yorùbá rẹ̀ jọ ti àwọn ará Kétu. "Mo rí físà, Ìyá. Ibo lẹ gbà wọlé?"

"Àgbádárìgì la ti wá."

"Ibo lẹ gbà wọ Bẹ̀nẹ̀ ni mò ń bi yín. Òǹtẹ̀ ìwọlé yín dà?"

"Omi la gbà."

"Ta ló lu òǹtẹ̀ fún yín lójú omi?"

Ganiyat rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò lù ú? Ẹja?"

Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé pásípọ́ọ̀tù méjèèjì lé ara wọn, jẹ́jẹ́. "Ìyá, mi ò bá yín jà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹ ò tíì wọlé. Ẹni tí kò wọlé, mi ò lè kọ ọ́ pé ó jáde."

Ganiyat ṣí àpò ẹnu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí i kó máa nájà mọ ohun tí mò ń wí. Ó ṣàwàdà. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó fa ojú ro. Ó sọ Ègùn, ó já Faransé ọjà pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun ti ń wọ Kútọnu kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin náà.

"Nínú gbogbo ìgbà yẹn," ni ọmọbìnrin náà bi í, "ìgbà wo lẹ fi pásípọ́ọ̀tù wọlé?"

Ganiyat wo pásípọ́ọ̀tù méjèèjì lórí káńtà.

Kò sígbà kankan. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò wọlé rí. Obìnrin tí kò sí ohun tí kò lè ná láyé yìí, ó ti wá bá ohun tí wọn kì í dá iye lé.

Wọ́n pe ọ̀gá. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n sáré padà sí Sẹmẹ, kí Nàìjíríà lu òǹtẹ̀ pé wọ́n jáde, kí Bẹ̀nẹ̀ lu tiwọn pé wọ́n wọlé. Bí wọ́n bá dé kí ilẹ̀kùn baálù tó tì, wọn á wọ̀ ọ́.

Sagbo wa mọ́tò bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Màmá jókòó sẹ́yìn, ó di ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú.

Ní Sẹmẹ, àwọn Bẹ̀nẹ̀ wo ìwé. Wọ́n ní, "Nàìjíríà ò tíì fi yín sílẹ̀. Ẹ lọ gba tiwọn wá."

Ganiyat di ọwọ́ Màmá mú, wọ́n kọjá sí káńtà Nàìjíríà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo Ganiyat, ó wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá.

"Màdáámù, ọ̀hún lẹ ti ń bọ̀. Ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́ pé ẹ̀ ń lọ?"

"À ń lọ ni."

"Mi ò rí yín kẹ́ ẹ jáde. Báwo lẹ ṣe dé ọ̀hún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, baálù ń dúró."

"Ẹ jókòó. Ọ̀gá wa wà ní ìpàdé, òun ló lè dá sí i."

Wọ́n jókòó. Bẹ́ńṣì gígùn kan ni, lábẹ́ páànù, àwọn ọkọ̀ ẹrù ń fi èéfín kọjá níwájú wọn. Lójú Nàìjíríà, wọn ò tíì jáde. Lójú Bẹ̀nẹ̀, wọn ò tíì wọlé. Ganiyat dìde, ó lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ọ̀gá ò tíì dé. Ó jókòó. Ó tún dìde. Ọkùnrin náà kò bú u, kò lé e. Bí ó bá bú u ni, ọkàn rẹ̀ á rí ibi fara tì.

"Ganí," ni Màmá wí, ó ń na ọrùn síwájú, ó fẹ́ fi ojú yẹn rí nǹkan. "Ṣé ibi tí baálù wà nìyí?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n ń bá wa ṣe ìwé ni."

"Ó dáa."

Ibẹ̀ ni fóònù Màmá ti dún. Fóònù kékeré olóhùn gooro ni, gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí ló ń gbọ́ ọ. Ìyá Hikmat ni.

"Tọ̀yìbátù, mo wà ní Ìkẹjà o. Wọ́n ti ní ká máa tò láti wọlé. Mo ní kí n má lọ láìgbọ́ ohùn ẹ. Ojú ńkọ́?"

"Ojú wà níbẹ̀."

"Ohun tí dókítà sọ yẹn dùn mí. Àáfà fi àyè ẹ sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀ títí, kó tó wá fún ẹlòmíì. Gbogbo wa la ní kò burú, Ọlọ́run á fún ẹ ní ti ọdún tó ń bọ̀."

"Dókítà wo?"

"Èyí tó ní kó o má rìn. Ṣebí Ganiyat ló wá sọ fún Àáfà?"

Ganiyat ní òun fẹ́ kí ilẹ̀ Sẹmẹ yẹn lanu. Ilẹ̀ ò lanu. Ọkọ̀ ẹrù ló ń kọjá.

Màmá yí orí padà. Ó ní láti yí gbogbo orí kí ojú òsì tó lè bá èèyàn. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Tọ̀yìbátù, ṣé o ń gbọ́ mi? Níbo lo wà tí ariwo pọ̀ báyìí?"

"Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín," ni Màmá wí sínú fóònù. "Ẹ máa lọ. Ọlọ́run á gbé yín dé ibẹ̀. Bó o bá rí ilé náà, má ṣe gbàgbé mi."

Ó pa á. Ó fi fóònù sínú àpò, ó fa síìpù rẹ̀ dé òpin.

"Ganí."

"Màmá."

"Kí ló wà ní Kútọnu tí kò sí ní Èkó?"

Ganiyat ní òun lè parọ́ mìíràn nígbà yẹn, ó ti wà lẹ́nu òun. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo yẹn ń wo òun.

"Dùbáì, Màmá. Ibẹ̀ la máa kọ́kọ́ dé."

"Kí ló wà ní Dùbáì?"

"Àbáyà."

Màmá mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún tó ń rò ó wò.

"Aṣọ," ló wí.

Títí di òní, kò tíì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀gá dé nígbà tó dé. Èèyàn rere ni, ó wo arúgbó, ó bi wọ́n léèrè, ó lu òǹtẹ̀. Àwọn Bẹ̀nẹ̀ náà lu tiwọn. Sagbo tún sá eré. Nígbà tí wọ́n dé pápákọ̀, wọ́n ti gbé àpótí wọn sọ̀ kalẹ̀ látinú baálù, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Baálù ti lọ. Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì náà, irú èyí tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà, tí wọn kì í sì í yí ọjọ́ rẹ̀ ni. Ganiyat wò yíká kó rí ẹni tó máa pè ní olórí wọn, tó máa sọ pé kó wá nǹkan ṣe sí i. Òun ni olórí.

Ìròyìn dé etí Mùíz kí wọ́n tó délé. Ó wá láti Òjó. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá sọ fún mi pé ọjà lẹ fẹ́ rà. Mi ò bá ti jẹ́ kí Màmá bá Àáfà lọ, kí ẹ̀yin máa lọ Dùbáì yín láyọ̀. Ta ló máa bá yín jà?"

"Mùíz, mo rò pé..."

"Kí lẹ rò? Ojú Màmá ń dúró de ẹnikẹ́ni?"

Kò tíì jẹun nílé Ganiyat látọjọ́ náà. Bó bá wá kí Màmá, ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ganiyat gbìyànjú. Ẹ má rò pé ó ká ọwọ́ kò. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Àáfà Khaleel, ó jẹ́wọ́, ó fi orúkọ Màmá sílẹ̀ fún pákéèjì tó tún máa gbéra. Àáfà ò bú u, ó kọ orúkọ náà. Gbogbo àárọ̀ ló ń kán oògùn sí ojú Màmá, ó ń bá ojú náà sọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó ní sùúrù.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọ yàrá. Oòrùn ti wọlé, ó tàn sí orí ibùsùn, ó tàn sí ojú Màmá.

Màmá ní, "Ganí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Àáfà ní afọ́jú náà ń lọ Úmúrà, àdúrà rẹ̀ á gbà, ẹ̀san rẹ̀ kò ní dín. Ganiyat bẹ Màmá títí. Màmá kọ̀.

"Mo ti mọ Ọlọ́run láìrí i," ló wí. "Ilé rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Fi orúkọ mi fún ẹlòmíì."

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyí. Èmi ò ní kẹ́nikẹ́ni má dá ìrìn àjò rẹ̀ ṣe. Àwọn kan ṣe é, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ó dára fún wọn. Ẹni tó ń lọ pẹ̀lú Àáfà náà lè kó sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó o bá máa dá a ṣe, bèèrè ohun tó o rò pé o ti mọ̀. Èyí tí o kò mọ̀, wàá bèèrè rẹ̀, ẹ̀rù ẹ̀ á bà ọ́. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ ti mọ̀ láti kékeré lo ò ní rántí bèèrè. Bí ìrìn náà bá sì jẹ́ ti ẹlòmíì, tí o wá fi ọjà tìrẹ sínú rẹ̀ láìsọ fún un, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Mo mọ ohun tó ṣe.

Ìyá Hikmat ti dé láti Mẹ́kà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sunkún, ó sì dárí ji Ganiyat lójú mi. Alásárì alásárì ló máa ń wá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, á máa ròyìn. Bí Káábà ti ga tó. Bí aṣọ ara rẹ̀ ti dúdú tó. Bí àwọn èèyàn ṣe ń yí i po bí omi nínú ìkòkò tí wọ́n ń rò. Màmá á ní, "Tún un sọ." Á tún un sọ. Ganiyat á wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, á máa ṣa ewébẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, òjò ò jẹ́ kí Ìyá Hikmat wá.

Màmá jókòó, ó dúró títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ganí, ìwọ bá mi sọ ọ́ lónìí. Báwo ló ṣe rí?"

"Màmá, èmi náà ò dé ibẹ̀."

Màmá na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà ń wá nǹkan kiri. Ganiyat gbé ewébẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó gbé ojú rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Màmá fi ìka kan ìpéǹpéjú ọmọ rẹ̀, ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ yẹ aṣọ wò kó tó rà á.

"Méjèèjì ṣì wà," ló wí, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.